Iyùn Ìyá Ìyàwó

Bùkọ́lá ò bí Túnmiṣe. Ẹ jẹ́ n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnì kan má wá sọ tó bá dọ̀la pé mo fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Kò bí i. Ṣùgbọ́n ta ló ń gbé e lọ sí daycare ní kùtùkùtù kó tó wọ freeway lọ síbi iṣẹ́ ní Pasadena lẹ́bàá Houston? Ta ló ń jókòó ti irun orí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tí ọmọ á máa ké bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pa? Ta ló kọ́ ọ ní "ẹ káàárọ̀" àti bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fún àgbà? Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn. Mo mọ ẹni tó jẹ́.

Èmi Mọ́pẹ́ ni mò ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ Bùkọ́lá ni mí láti ìgbà tí àwa méjèèjì ti wà níléèwé ní Houston níbí, tí a jọ ń gbé apartment kan tí omi gbígbóná rẹ̀ kì í tó ẹnì kan wẹ̀. Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ̀ pé mi ò ní sùúrù. Bùkọ́lá ló ní sùúrù, sùúrù yẹn náà ló sì ń pa á lára.

Lékè ló fẹ́. Ẹnjiníà ni Lékè, ilé ìfọpo kan ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti ní ìyàwó rí ní Abẹ́òkúta, Bíọ́lá lorúkọ rẹ̀, wọ́n ti kọra wọn sílẹ̀, Lékè sì gbé ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí wá sí Amẹ́ríkà. Túnmiṣe ò tíì lè de okùn bàtà ara rẹ̀ nígbà tí Bùkọ́lá wọlé. Lékè ní kí ọmọ máa pè é ní Àǹtí, kó má baà gbàgbé ìyá rẹ̀ tó wà nílé. Bùkọ́lá ní kò burú. Èmi ní ó burú, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi mí.

Bùkọ́lá ò rí ọmọ bí títí ìgbà bíbí fi kọjá. Wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà títí ó fi sú wọn. Ó wá gbájú mọ́ èyí tó wà nílé. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Túnmiṣe ni gbogbo èèyàn ń pè é, àfi Túnmiṣe fúnra rẹ̀. Àǹtí, ebi ń pa mí. Àǹtí, mo pass. Àǹtí, mo ti rí ẹni tí mo fẹ́ fẹ́. Bíọ́lá tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀ lórí fóònù nìkan ni Mọ́mì.

Lẹ́yìn tí Lékè kú, Bùkọ́lá sọ fún mi nínú mọ́tò lọ́jọ́ kan pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun ń fẹ́ láyé: kí ọmọ yẹn pe òun ní Mọ́mì lẹ́ẹ̀kan péré kó tó lọ sílé ọkọ. Mo ní kó sọ fún un. Ó ní tí òun bá fẹnu ara òun tọrọ ẹ̀, kò ní dùn mọ́. Mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Túnmiṣe ti di ẹnjiníà bíi bàbá rẹ̀, Energy Corridor, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́ epo ní Houston, ló ti ń ṣiṣẹ́. Adéolú tó fẹ́ fẹ́ ẹ, Houston níbí ni wọ́n bí i sí, ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́. Wọ́n fi ìgbéyàwó sí oṣù kẹwàá. Nígbà tí oòrùn Houston wá ń mú bí iná, Túnmiṣe ní kí Àǹtí òun jẹ́ káwọn lọ sí Ítálì, sí agbègbè Campania níbi tí ìlú Naples wà, káwọn lọ sinmi díẹ̀ kí wàhálà ìgbéyàwó tó dé. Èmi náà san owó ọkọ̀ mi. Mi ò lè jókòó sílé mi ní Spring kí n máa wo fọ́tò wọn lórí fóònù.

Ẹ ò tíì rí ìran títí ẹ ó fi rí Bùkọ́lá nídìí ọjà. Kì í ra nǹkan fún ara rẹ̀. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n máa kí òun kú àbọ̀, kí òun wá máa wolẹ̀? Ní Sorrento, ó ra àwọn àpótí onígi kékeré tí wọ́n fi oríṣiríṣi igi ṣe ọnà sí lára, tó máa ń kọrin téèyàn bá ṣí i. Ní Vietri, ó ra àwo amọ̀ tí wọ́n ya ẹja sí, ó fi gbogbo aṣọ rẹ̀ wé wọn kí wọ́n má baà fọ́. Lẹ́mọ́ọ̀nù ibẹ̀ tó orí ọmọ tuntun, ọṣẹ tí wọ́n fi ṣe ló sì kún báàgì mi, nítorí tirẹ̀ ti kún. Ní Naples, wọ́n ń ta ìwo pupa kékeré kan tí wọ́n ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, wọ́n ní ó ń lé ojú burúkú lọ. Bùkọ́lá ní ońdè ni, òun ò ní gbé ońdè òyìnbó wọ ilé òun. Nígbà tó yá ó padà lọ ra méjì, ó ní fún àwọn òyìnbó bíi Ashley tó wà níbi iṣẹ́ òun, àwọn yẹn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ońdè.

Òfin kan ló fún wa: níwájú ẹni tó ń tajà, Yorùbá la gbọ́dọ̀ sọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ó wù wá, wọn ò ní dín in mọ́. Túnmiṣe náà á sì gbìyànjú. Yorùbá rẹ̀ kì í ṣe èyí téèyàn ń fi ṣe ìwàásù. Ó mọ orúkọ oúnjẹ, ó mọ ìkíni, ó mọ èébú tí wọ́n fi tọ́ ọ dáadáa. Ìyókù, ó máa ń wá a bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú báàgì.

Báyìí la ṣe dé Torre del Greco, ìlú tí wọ́n ti ń gbẹ́ iyùn. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé etí òkun àwọn òyìnbó yìí ni wọ́n ti ń gbẹ́ púpọ̀ nínú iyùn tí a ń fi yangàn nílé. Ìyá àgbàlagbà tó ni ṣọ́ọ̀bù tí a wọ̀ gbọ́ "Nigeria", ló bá rẹ́rìn-ín, ó ní bàbá òun ti ń tà á fún àwọn èèyàn wa kí wọ́n tó bí òun. Inú bí mi díẹ̀. Mo ti rò pé tiwa ni.

Ìyá náà ṣí dúrọ́ọ̀, ó gbé okùn iyùn kan jáde. Iyùn gidi ni, pupa fòò, ẹyọ rẹ̀ gùn, ó sì wúwo lọ́wọ́. Túnmiṣe ti fẹ́ la ẹnu sọ gẹ̀ẹ́sì, Bùkọ́lá fún un ní ẹ̀ṣẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Yorùbá."

Ọmọ náà rọra wá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ. Ó gbé iyùn náà sókè síbi tí iná wà, ó wò ó, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ máa wọ èyí ní wedding mi. Ẹ fẹ́ràn pupa gan-an. Ẹ máa dára."

Etí mi méjèèjì yìí ni mo fi gbọ́ ọ. Mo wo Bùkọ́lá. Ó gbé ọwọ́ lé gíláàsì tí wọ́n ń tajà lórí rẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ fẹ́ yọ̀ mọ́ lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Kí lo wí?"

Túnmiṣe ní, "Mọ́mì. Ẹ máa wọ̀ ọ́. Ṣé kò dáa ni?"

Bùkọ́lá ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Ó dáa púpọ̀."

Túnmiṣe ní kó jẹ́ kí òun wò ó lọ́rùn rẹ̀. Ó fi iyùn náà sí i lọ́rùn, ó ní kó yí sí ọ̀tún, kó yí sí òsì, ó ya fọ́tò. Ọrùn nìkan ló yà, mo rí i, mo sì rò pé bí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ṣe ń yà á nìyẹn. Bùkọ́lá tó ń bá àwọn èèyàn Naples fa ọ̀rọ̀ lórí ọṣẹ kan ṣoṣo ò ní kí wọ́n dín kọ́bọ̀. Túnmiṣe fa káàdì yọ, ó sanwó, wọ́n di iyùn sínú àpótí fún wa. Bí a ṣe jáde, Bùkọ́lá yà sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó pẹ́ kó tó jáde, ojú rẹ̀ sì ti wú. Ó ní èéfín mọ́tò ló kó sí òun lójú. Mọ́tò wo? Inú mi dùn débi pé mi ò bá a jà sí i.

Nínú reluwé tí a wọ̀ padà, Túnmiṣe ní, "Àǹtí, ẹ bá mi tọ́jú iyùn yẹn sínú báàgì yín, mi ò fẹ́ kó sọnù."

Mo wo Bùkọ́lá. Ó rọra sọ sí mi létí pé kí n má wo òun bẹ́ẹ̀, pé ohun tó ti mọ́ni lẹ́nu láti kékeré kì í kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Èmi náà gbà. Kí ló dé tí mi ò ní gbà? Mo gbọ́ Mọ́mì.

Obìnrin tí a gbé padà wá sí Houston kì í ṣe èyí tí a gbé lọ. Ó pín ọṣẹ, ó pín àwo, ó pín àpótí tó ń kọrin, ó sì ń sọ ìtàn náà mọ́ ọn bí ó ṣe ń pín in. Á ní, "Ọmọ mi ra iyùn fún mi ní Ítálì. Ó ní kí n wọ̀ ọ́ níbi ìgbéyàwó òun." Ìyàwó pásítọ̀ gbọ́, àwọn ẹgbẹ́ akọrin gbọ́, ọkùnrin tó ń bá wa gé ẹja ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa ní títì Bissonnet gbọ́. Ó ra léèsì funfun, nítorí ó ní funfun ló máa jẹ́ kí pupa hàn. Ó ní kí télọ̀ gé ọrùn aṣọ náà fẹ̀, kó lọ sílẹ̀ díẹ̀, kí iyùn lè rí àyè jókòó. Mo bá a lọ wọn aṣọ yẹn. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú dígí, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Lékè ti kú.

Ẹ má rò pé ó fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ ọlọ́mọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ilé òun ni kí Bíọ́lá dé sí tó bá ti Abẹ́òkúta dé fún ìgbéyàwó. Òun ló ra bẹ́ẹ̀dì tuntun sí yàrá àlejò. Ó ní Bíọ́lá bí i, òun tọ́ ọ, ìyá méjì ò pọ̀ jù fún ọmọ kan, àwọn á jọ jókòó pọ̀ níwájú. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ tí Bíọ́lá dé, Túnmiṣe lọ pàdé ìyá rẹ̀ ní airport. Èmi àti Bùkọ́lá la wà ní kíṣìnnì. A se ìrẹsì, a din adìẹ, ilé ń ta sánsán. Nígbà tí a gbọ́ ìró mọ́tò níta, Bùkọ́lá sáré wọ yàrá lọ, ó fi iyùn sọ́rùn. Ó ní kí Bíọ́lá kọ́kọ́ rí ohun tí ọmọ àwọn ṣe.

Bíọ́lá wọlé. Obìnrin kékeré ni, ohùn rẹ̀ tútù, mo fẹ́ kórìíra rẹ̀ kò sì ṣeé ṣe. Ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ ló ti kúnlẹ̀ fún Bùkọ́lá, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣé o. Ẹ ṣé tí ẹ bá mi tọ́ ọmọ mi."

Bá mi tọ́ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni, mi ò ní parọ́, ṣùgbọ́n ó gún mi láyà. Bùkọ́lá fà á dìde, ó dì mọ́ ọn.

Ìgbà yẹn ni Túnmiṣe wọ́ àpótí ìyá rẹ̀ wọlé, ó gbójú sókè, ó rí ọrùn Bùkọ́lá. Ó ní, "Oh, Àǹtí, ẹ ti mú un jáde." Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. "Mọ́mì, coral yín rèé. Èyí tí mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí yín."

Bùkọ́lá bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ti ta?"

"Ti Mọ́mì now. Mo sọ fún yín ní Italy, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn. Mo ní, Mọ́mì, ẹ máa wọ èyí ní wedding mi."

Bíọ́lá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ yìí. 'Wọ́n' ló yẹ kó o sọ. Wọ́n máa wọ èyí. Èmi tí mi ò sí níbẹ̀, 'wọ́n' ni mí. Ẹni tó bá wà níwájú ẹ lo máa pè ní 'ẹ'. Tó o bá ní 'Mọ́mì, ẹ máa wọ̀ ọ́', ṣe ló máa dà bí ìgbà tí ò ń pe Àǹtí ní..."

Kò parí rẹ̀. Ó wo Bùkọ́lá, ó wo iyùn, ẹ̀rín náà kú lójú rẹ̀. Ó ti yé e. Ó yé gbogbo wa, àfi ẹni tó sọ ọ́.

Túnmiṣe ní, "Ẹ, wọ́n, same thing jọ̀ọ́. Àgbà ni gbogbo yín." Fóònù rẹ̀ ń dún, ó ti ń wá a nínú báàgì.

Mo la ẹnu báyìí, Bùkọ́lá fi ẹsẹ̀ tẹ ẹsẹ̀ mi mọ́lẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ gidi. Ó gbé ọwọ́ sẹ́yìn ọrùn láti tú iyùn, kò rí i tú. Ó ní, "Mọ́pẹ́, bá mi tú u." Mo tú u. Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó lọ bá Bíọ́lá níbi tó dúró sí.

Bíọ́lá ń mi orí. Ó ní, "Rárá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ máa lò ó. Mo ní tèmi nílé."

Bùkọ́lá ní, "Ìyá ìyàwó ló ni ín. Mo kàn bá yín tọ́jú ẹ̀ ni." Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ so ó mọ́ ọn lọ́rùn, ó tún un ṣe kó jókòó dáadáa. Túnmiṣe pàtẹ́wọ́, ó ní ó fit, ó ní òun mọ̀ pé ọrùn àwọn méjèèjì á dọ́gba.

Nígbà tí a padà dé kíṣìnnì, mo ní kí Bùkọ́lá jẹ́ kí n lọ sọ fún ọmọ yẹn. Mo ní tí òun ò bá lè sọ ọ́, èmi lè sọ ọ́, mo sì máa sọ ọ́ débi pé yóò yé e ní Yorùbá àti ní gẹ̀ẹ́sì.

Ó ní, "Kí lo máa sọ? Pé kó pè mí ní ìyá, kí inú mi lè dùn? Kò hùwà àìdáa sí mi, Mọ́pẹ́. Ó ra nǹkan fún ìyá rẹ̀. Èmi ni mo gbọ́ ohun tí wọn ò sọ." Ó ní kí n gbé àwo fún òun.

Èmi ni mo sunkún, kò sunkún. Ó bu ìrẹsì, ó fi itan adìẹ tó tóbi jù sí àwo Bíọ́lá. Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ti ìyá ńkọ́? Wọn ò pa òwe tiẹ̀ fún wa.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, kò sí àyè láti rán aṣọ mìíràn mọ́. Léèsì funfun yẹn ló wọ̀, ọrùn tí télọ̀ gé fẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wọ́n fi àga rẹ̀ síwájú lóòótọ́, Bíọ́lá ló rin kinkin mọ́ ọn, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí ìyá ìyàwó dìde, ẹnì kan ṣoṣo ló dìde. Ìyàwó pásítọ̀ wá bá a nígbà tí wọ́n ń jẹun, ó ní iyùn Ítálì dà, gbogbo àwọn ti ń retí ẹ̀. Ẹ sì wò ó, ó ń pọ́n lọ́rùn Bíọ́lá níwájú gbogbo ayé. Bùkọ́lá ní okùn tòun já.

Láti ìgbà yẹn, kò bá Túnmiṣe sọ Yorùbá mọ́. Kò bínú sí i o. Ó ṣì ń se ọbẹ̀ sínú ike gbé lọ fún un, ó ṣì ń pè é bí òjò ńlá bá fẹ́ rọ̀ kó má baà gba ọ̀nà tí omi ń kún. Ṣùgbọ́n gẹ̀ẹ́sì ni. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní nínú gẹ̀ẹ́sì, 'you' ò jọ 'she', ẹnì kan ò lè ṣèèṣì pe òun ní ohun tí òun ò jẹ́.

Túnmiṣe ṣàkíyèsí rẹ̀. Ó rò pé Yorùbá òun tí kò dáa ló sú Àǹtí òun, ló bá ní kí ìyá òun máa kọ́ òun lórí fídíò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti Abẹ́òkúta. Ọmọ tó bá mọ̀wé, ó mọ̀ ọ́n náà nìyẹn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yà sílé mi ní Spring bó ṣe ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí Mọ́pẹ́. Ṣé ẹ ti rí Àǹtí lónìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá kí wọn lọ́jọ́ Àìkú."

Ó dúró, ó ń wò mí lójú bí ìgbà tó wà ní kékeré, tó bá parí iṣẹ́ iléèwé rẹ̀. Ó bi mí bóyá òun gbà á. Mo ní ó gbà á, ọmọ mi, kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀ mọ́.